Ọwọ́ Òfin, Ojú Àdúgbò

Bí olè bá fọ́ ilé lóru, ta ni onílé máa kọ́kọ́ pè? Àwọn kan á tẹ ọlọ́pàá láago kí wọ́n tó yẹ ilé wò láti mọ ohun tó sọnù. Àwọn mìíràn á kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ sí àgbà àdúgbò, ọlọ́pàá á wá di ìgbẹ̀yìn, bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ya ọ̀nà méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ọwọ́ òfin: ọlọ́pàá, kóòtù, ọgbà ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn, gbogbo ohun tí ìjọba gbé kalẹ̀ tó sì ń sanwó oṣù fún. Èkejì ni ojú àdúgbò: òbí, ẹbí, aládùúgbò, olùkọ́, ẹgbẹ́, ìjọ, pẹ̀lú ìbáwí, ẹ̀sín, ìtìjú, àti yíyọ ènìyàn lẹ́gbẹ́.

Èrò tó gbilẹ̀ ni pé àṣà ló pín méjèèjì fún àwọn ènìyàn ayé. Wọ́n á ní òyìnbó gbára lé ọlọ́pàá nítorí pé kálukú wọn ló ń dá ayé tirẹ̀ gbé. Wọ́n á ní ará Éṣíà àti ará Áfíríkà gbára lé àgbà nítorí pé àjọgbé ló jẹ wọ́n lógún. Mo rò pé èrò yìí ti pẹ́ jù lẹ́nu wa, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ìjọba àti ẹgbẹ́ lọ́nà. Kò sí ibi tí méjèèjì kò sí. Ohun tó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná ẹni tó bá lò ó, ẹni tó ń dáhùn fún un bó bá ṣi ọwọ́ ṣe, àti bóyá ọ̀nà tó já gaara wà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí bí orísun iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òfin Winchester ti ọdún 1285 kò gba ọlọ́pàá kankan síṣẹ́. Ará ìlú ni ó gbé ẹrù náà lé lórí. Bí wọ́n bá ja ẹnì kan lólè, ó gbọ́dọ̀ ké gbàjarè, gbogbo ẹni tó bá sì gbọ́ igbe náà gbọ́dọ̀ jáde láti lé olè láti abúlé dé abúlé. Ìlú olódi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ibodè láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣán igbó tó wà ní 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ́tùn-ún àti lósì ọ̀nà ńlá, kí adigunjalè má baà rí ibi lúgọ sí. Bí àgbègbè kan kò bá sì rí ọ̀daràn fà kalẹ̀, àgbègbè náà lódindi ló máa san ohun tí wọ́n gbé lọ. Ó lé ní 500 ọdún tí òfin yìí fi wà nínú ìwé. Ojú àdúgbò ni, ṣùgbọ́n ojú àdúgbò tí ìjọba fi gbèsè tì lẹ́yìn.

Kí ló bà á jẹ́? London di ìlú tí èrò ń wọ́ wọ̀, tí ẹni tó ń gbé ilé kejì kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé kìíní. Ẹni tí ìṣọ́ kàn kò fẹ́ jáde lóru mọ́, ó ń sanwó fún ẹlòmíràn kó bá òun jáde. Nígbà tó fi di ọdún 1829, Robert Peel, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, mú kí ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin tó dá ọlọ́pàá London sílẹ̀. Aṣọ búlúù ni wọ́n rán fún wọn, nítorí pé pupa ni aṣọ sójà, ará ìlú tó pọ̀ sì ń bẹ̀rù pé sójà ni wọ́n fẹ́ kó wá bá àwọn nílé. Kò tíì tó 200 ọdún, nígbà náà, tí “àṣà” pípe ọlọ́pàá ti wà ní ìlú tó dá a sílẹ̀ gan-an.

Ọlọ́pàá náà kò sì lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972 sí 1973, wọ́n pín agbègbè ìṣọ́ 15 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kìíní, wọ́n dá ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń yípo dúró, àfi bí ẹnì kan bá pè wọ́n. Apá kejì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní apá kẹta, wọ́n sọ iye ọkọ̀ tó ń yípo di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí ọdún yí po, ìwà ọ̀daràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbẹ̀rù ará ìlú náà kò sì yàtọ̀. Ìwádìí tó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà fi hàn pé ọlọ́pàá tó dúró ní oríta àti igun kéékèèké tí wàhálà ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra máa ń dín in kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún un pé igun wo ni? Ẹnu ará àdúgbò ni ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ọlọ́pàá mọ̀ ti ń wá. Bí wọ́n bá pa ẹnu mọ́, ọkọ̀ lásán ló ń yípo.

Ẹ̀sùn mìíràn tún wà tí a ń fi kan ará ìlú ńlá: pé wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Àwọn olùwádìí kan gba àwòrán kámẹ́rà òpópónà ní Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amsterdam nílẹ̀ Netherlands àti Cape Town ní South Africa, wọ́n wo ìjà àti asọ̀ 219, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Ní bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó kéré tán ẹnì kan lára àwọn tó ń wòran dá sí i: ó dì wọ́n mú, ó bọ́ sáàárín, tàbí ó tu ẹni tí wọ́n lù nínú. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ló ṣe ń dájú tó pé ẹnì kan á dá sí i. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì yàtọ̀ síra wọn lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cape Town léwu ju méjì yòókù lọ fíìfíì. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe nígbà tí ìjà bá bẹ́ lójú wọn jọra ju bí a ti rò lọ. Ibi tí wọ́n ti ń yà kúrò lára wọn ni ohun tí wọ́n ń ṣe ní wákàtí kejì: ṣé wọ́n á gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá ni, àbí wọ́n á parí ẹ̀ nílé?

Ìṣirò tó rọrùn ló wà nídìí ìyẹn. Ìwádìí àgbáyé tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀daràn ti ṣe ní ibi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989. Láti ìlú dé ìlú, ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń fi tó ọlọ́pàá létí jù lọ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kò ní sanwó láìrí ìwé ọlọ́pàá, ìdí rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ òfin. Lílù àti ìfipábánilòpọ̀ wà lára èyí tí wọn kì í sábà fi sùn, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó ṣe é jẹ́ ẹni mímọ̀, ìwé ọlọ́pàá kò sì ní fún ẹni tó lọ sùn ní nǹkan kan ju ìbéèrè àti ìtìjú lọ. Donald Black, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti sọ ní ọdún 1976 pé bí ìbátan bá ṣe sún mọ́ra tó ni òfin ṣe ń jìnnà tó, àti pé ibi tí àkóso mìíràn bá ti rẹlẹ̀ ni òfin ti ń pọ̀ sí i. Ẹnu àgbà wa ti gbà á ṣáájú: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí a ó tún jọ pín omi, ọ̀nà àti ìsìnkú lọ́dún tó ń bọ̀, owó ẹjọ́ rẹ̀ wọ́n ju owó agbẹjọ́rò lọ.

Ohun kejì nínú ìṣirò náà ni bí ọlọ́pàá tàbí kóòtù ṣe ṣe sí ẹni náà nígbà tó lọ bá wọn kẹ́yìn. Ní Chicago ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984, olùwádìí Tom Tyler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá 1,575 ènìyàn lẹ́nu wò lórí fóònù, wọ́n sì padà bá 804 nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ohun tó mú kí wọ́n gbà pé ó tọ́ láti tẹ̀ lé òfin kò dá lórí bóyá wọ́n jàre. Ó dá lórí bóyá ọlọ́pàá tàbí adájọ́ gbọ́ tẹnu wọn, bóyá ó ṣe ojúsàájú, bóyá ó bu ọlá fún wọn. Ẹni tó jẹ̀bi tí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè padà wá. Ẹni tó jàre tí wọ́n sì fi wọ́lẹ̀ kò ní padà wá mọ́, yóò sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìlú kan bá sọ pé àṣà àwọn ni kí àwọn má pe ọlọ́pàá, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí ọlọ́pàá ṣe fún bàbá bàbá wọn.

Ojú àdúgbò pàápàá kì í ṣe ẹ̀bùn àbínibí. Ìwádìí tó ṣàlàyé èyí dáadáa jù lọ, lójú tèmi, ni èyí tí Robert Sampson, Stephen Raudenbush àti Felton Earls tẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Ní ọdún 1995 wọ́n bá 8,782 ènìyàn sọ̀rọ̀ ní àdúgbò 343 ní Chicago. Ìbéèrè wọn kò díjú. Bí àwọn ọmọ bá sá nílé ìwé tí wọ́n ń ṣeré ní kọ̀rọ̀ òpópónà, ṣé aládùúgbò rẹ máa dá sí i? Bí wọ́n bá ń kùn ọ̀dà sára ògiri onílé ńkọ́? Bí ọmọdé bá rí àgbà fín? Bí ìjà bá bẹ́ níwájú ilé? Bí ìjọba bá fẹ́ ti ilé iṣẹ́ panápaná tó sún mọ́ wọn pa? Wọ́n tún béèrè bóyá àwọn aládùúgbò fọkàn tán ara wọn. Àdúgbò tí ìdáhùn rẹ̀ dára ní ìwà ipá tó kéré, kódà nígbà tí wọ́n fi í wé àdúgbò mìíràn tí òṣì rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí lára àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: iye ọ̀rẹ́ tí ènìyàn ní. Àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ẹbí lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ jù, nítorí pé ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìgbàgbọ́ pé bí mo bá bá ọmọ ọlọ́mọ wí, òbí rẹ̀ ò ní wá bá mi jà, àwọn tó kù ò sì ní dá mi dá a. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tí wọ́n bú lánàá nítorí pé ó tún orí ọmọ ṣe á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lónìí. Ohun méjì ló sì ń pa ìgbàgbọ́ yìí kíákíá: òṣì tó gbá jọ sójú kan, àti kí ayálégbé máa kó wọlé kó jáde lọ́dọọdún. Ìjọba tó bá wó ilé àwọn tálákà láti tún ìlú ṣe ń wó ẹ̀ṣọ́ tí kò gba owó oṣù mọ́ ọn.

Japan ni gbogbo ènìyàn máa ń fi ṣàpẹẹrẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í sì í sábà wo inú rẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1874 ni àgọ́ ọlọ́pàá kékeré tí wọ́n ń pè ní kōban ti bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo; lónìí ó lé ní 6,000 wọn. Ní abúlé, irú èyí tí ọlọ́pàá àti ìdílé rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ ló wà. Ọlọ́pàá kōban ń júwe ọ̀nà, ó ń gba ohun tó sọnù, ó ń lọ láti ilé dé ilé láti mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ àti ẹni tí wọ́n lè pè bí ewu bá dé. Ohun tí a ń rí ni pé ẹni tó rí àpò owó he gbé e lọ fún ọlọ́pàá, a sì ń sọ pé ìwà ọmọlúàbí wọn nìyẹn. Ìwà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó bá fi ohun tó rí he lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀bùn tó jẹ́ 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀, bí onínǹkan kò bá sì yọjú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń di tirẹ̀. Àgọ́ tún wà nítòsí tó fi jẹ́ pé kò gba ẹni tó fẹ́ ṣòótọ́ ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ yọ àgọ́ náà kúrò, ẹ yọ òfin náà kúrò, kí ẹ tún wo bí ìwà náà á ṣe rí.

Àwọn hogoshi náà wà, ìyẹn ará ìlú tó ń tọ́jú ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé tàbí ẹni tí kóòtù fi sábẹ́ ìṣọ́. Òfin ọdún 1950 ló gbé wọn ró. Wọ́n ju 40,000 lọ, wọn kì í gba owó oṣù, owó ìnáwó wọn nìkan ni ìjọba ń dá padà. Hogoshi á máa gba ẹni náà lálejò nílé ara rẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, á bi í nípa iṣẹ́, nípa ìyàwó, nípa ọtí, á sì kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹjọ́ náà. Àárín ọwọ́ òfin àti ojú àdúgbò gan-an ni iṣẹ́ yìí wà, èyí ló mú kó lágbára. Ibi tó ti ń yọ̀ ni pé àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́ ò sì fẹ́ gba ẹlẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀rí sí yàrá àlejò wọn.

Bí ẹ bá ń yìn wọ́n, ẹ ka apá tó le náà mọ́ ọn. Ní Japan, ọlọ́pàá lè ti afurasí mọ́lé fún ọjọ́ 23 kí wọ́n tó fi ẹ̀sùn kàn án, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láìsí agbẹjọ́rò nínú yàrá. Lára ẹjọ́ tó bá dé kóòtù, ó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Apá kan ohun tó fà á ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kì í gbé ẹjọ́ tí kò dá a lójú lọ. Apá kejì ni pé ìjẹ́wọ́ wúwo jù nínú ètò wọn. Ìlú tí ìtìjú ti lágbára máa ń jẹ́ ibi tí ó ti ṣòro jù láti sọ pé “èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

Ní Ṣáínà, àríyànjiyàn yìí ti lé ní ẹgbàá ọdún. Confucius, ọlọ́gbọ́n wọn àtijọ́, sọ pé bí a bá fi ìjìyà darí àwọn ènìyàn, wọ́n á yẹra fún ìjìyà, ìtìjú kò sì ní sí lára wọn. Àwọn tó dojú kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ òfin síta, kí ìjìyà dájú, kó má sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ìjọba òde òní ń lo méjèèjì. Òfin ìlàjà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 ní ìgbìmọ̀ onílàjà kò gbọdọ̀ gba owó, bí ẹni méjèèjì bá sì jọ lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ 30, kóòtù lè fọwọ́ sí àdéhùn náà kó lè dè wọ́n bí ìdájọ́. Ọ̀nà tó já láti àdúgbò sí kóòtù nìyẹn, pẹ̀lú gbèdéke ọjọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nínú rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ àdúgbò kan náà tó ń làjà náà ló tún lè jẹ́ ojú ìjọba nínú ilé onílé.

Ìtìjú fúnra rẹ̀ nílò àlàyé, nítorí pé òun ni irinṣẹ́ tó mú jù tí àdúgbò ní. John Braithwaite, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, pín in sí méjì ní ọdún 1989. Ìtìjú kan ń sọ pé ohun tí o ṣe burú, lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni náà láti padà. Èkejì ń sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo burú, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ á wá àwọn tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ bíi tirẹ̀ lọ, láàárín wọn sì ni olè jíjà ti ń di ohun àmúyangàn. Láti inú èyí ni ohun kan ti hàn gbangba: ìtìjú kì í ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò ní ibi tó máa padà sí. Àjèjì tó wá jalè lálẹ́ kan tó sì kọjá lọ, ìtìjú àdúgbò yín kò kàn án.

Bí a ṣe ń ṣe irú kìíní yìí ní ìṣe ni òfin ọdún 1989 ti New Zealand fi hàn. Ẹ̀hónú àwọn Māori, ìyẹn onílẹ̀ ibẹ̀, pé kóòtù ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹbí wà lára ohun tó bí i. Òfin náà sọ ìpàdé ẹbí di apá kan ètò ìdájọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìpànìyàn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Alákòóso tí ìjọba gbà síṣẹ́ á kọ́kọ́ lọ rí ọmọ náà àti ẹbí rẹ̀, á lọ rí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ́tọ̀, á bi í ẹni tó fẹ́ mú lẹ́yìn wá. Ìmúrasílẹ̀ yìí ni iṣẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ ìpàdé, ọlọ́pàá á ka ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á bi ọmọ náà bóyá òótọ́ ni. Bó bá sẹ́, ìpàdé náà ò lè dá a lẹ́bi. Kóòtù ló kù. Bó bá gbà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, gbogbo àwọn tí kì í ṣe ẹbí á jáde, ẹbí á dá jókòó láti gbìmọ̀: iṣẹ́ wo ló máa ṣe, owó wo ló máa san padà, ta ló máa máa mú un lọ sílé ìwé. Wọ́n á pe àwọn tó kù wọlé, wọ́n á gbé ètò náà kalẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, títí kan ọlọ́pàá àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tó bá wà níbẹ̀.

Ibi tí irú ìpàdé báyìí ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á fi ọjọ́ sí ìgbà tó rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò ní lè wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba á pọ̀ ju ẹbí lọ nínú yàrá, ọmọ náà á dákẹ́. Wọ́n á gé àkókò ìdákọ́ńkọ́ ẹbí kúrú, ètò tí alákòóso ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á wá fọwọ́ sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò sí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ìlérí kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá di oṣù kẹta, iṣẹ́ tí ọmọ náà ní òun máa ṣe kò ní olùbẹ̀wò. Kí a má sì rò pé ó ń wo gbogbo àrùn. Ní Canberra ní Ọsirélíà, láti ọdún 1995 sí 2000, wọ́n pín ẹjọ́ láìṣojúsàájú sí ìpàdé tàbí kóòtù. Lára àwọn ọ̀dọ́ tó hùwà ipá, ìpàdé dín títún ẹ̀ṣẹ̀ dá kù. Lára àwọn tó mutí wakọ̀, kò sí èrè bẹ́ẹ̀. Ó yé mi ìdí rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ọtí, kò sí ẹnì kan pàtó tó jókòó síwájú wọn tí ojú rẹ̀ máa tì wọ́n.

Kí ni ti ibi tí ọlọ́pàá kò ti sí tàbí tí ó wà lọ́wọ́ olè? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, àwọn àgbẹ̀ Cuyumalca, ní agbègbè Chota ní àríwá Peru, dá ẹgbẹ́ ìṣọ́ òru sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ronda campesina. Màlúù àti àgùntàn wọn ni olè ń kó. Ọlọ́pàá àti adájọ́ ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn kó tó dìde. Ọkùnrin abúlé ló ń gba ìṣọ́ lóru lọ́kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án, pẹ̀lú ọ̀pá, tọ́ọ̀ṣì àti fèrè, wọ́n á dá ẹni tó bá ń kọjá dúró, wọ́n á bi í ibi tó ń lọ. Bí wọ́n bá mú olè, gbogbo abúlé á pé jọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, kó dá ẹran padà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi í ránṣẹ́ láti abúlé kan sí èkejì: lọ́sàn-án ó ń ṣiṣẹ́ ìlú, lóru ó ń ṣọ́nà pẹ̀lú àwọn tó jà lólè. Nígbà tó bá parí, wọ́n á kọ àdéhùn sínú ìwé, ó á fọwọ́ sí i, ó á padà sílé. Ìtìjú tó ní òpin ni, ẹni náà sì mọ ọjọ́ tó máa parí.

Ìjọba Peru fi òfin gbà wọ́n ní ọdún 1986. Abala 149 ìwé òfin ọdún 1993 fún wọn láyè láti ran àwọn tó ń ṣèdájọ́ ní abúlé lọ́wọ́, bí wọn kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú. Òfin mìíràn tún tẹ̀lé e ní ọdún 2003. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn inú abala yẹn ni gbogbo ìjà wà lé: wọ́n ti na àwọn kan ní ọgbẹ́, wọ́n sì ti fi ẹgbẹ́ náà gbẹ̀san ìjà ilẹ̀. Síbẹ̀ mo ka ronda sí ohun tó ṣe gidi, nítorí pé ó ní ohun tí àwọn tó ń dáná sun olè lójú títì kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò. Ìdájọ́ èrò lójú títì kì í ṣe ojú àdúgbò tó lágbára. Ẹ̀rí ni pé ojú àdúgbò ti fọ́. Kò sí ẹni tó ń wádìí: ẹni tó kọ́kọ́ kígbe ló dá ẹjọ́. Kò sí òṣùwọ̀n, ẹni tó jí fóònù àti ẹni tó pa ènìyàn ń gba ìyà kan náà. Kò sí ọ̀nà àtipadà, ikú ni. Kò sì sí ẹni tó máa dáhùn lọ́la, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló sọ òkúta kan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú ní Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìkànnì Reddit tọ́ka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti sọnù pé òun ló ṣe é. Òun kọ́. Wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹbí rẹ̀ sì ti jẹ èébú ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ohun tí ọmọ wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Rwanda fi hàn bí ẹrù ṣe lè tóbi tó. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994, bíi 120,000 ènìyàn wà lẹ́wọ̀n, kóòtù kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ wọn tán láyé wọn. Ìjọba sọ gacaca, ìjókòó àgbà lórí koríko láti parí ìjà abúlé, di kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa. Nígbà tí wọ́n máa parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, bíi kóòtù 12,000 ti gbọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló tipa rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ẹbí wọn sí. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kò sí, àwọn kan ra ìdájọ́, wọ́n pa àwọn ẹlẹ́rìí kan, ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun tó gba ìjọba ṣẹ̀ kò sì sí lára ohun tí wọ́n gbọ́. Ohun tí wọ́n dá fún ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti ààlà oko ni wọ́n gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ àdúgbò níbikíbi tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ pinnu, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ní jókòó lé rárá. Ikú, ìfipábánilòpọ̀, ìyà lára ọmọdé, ọ̀rọ̀ tó ní ìbọn nínú: wọ́n kọjá ìlàjà. Ọkọ tó ń na aya wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn ẹbí máa ń fẹ́ parí sílé jù. Ìlàjà gbà pé ẹni méjèèjì lè sọ ohun tó wà nínú wọn láìbẹ̀rù. Ẹni tó máa bá ẹni tó lù ú padà sí yàrá kan náà lálẹ́ yẹn kò lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ àdúgbò ni olè kékeré láàárín àwọn tó mọra, ìjà ọ̀dọ́, ohun ìní tí wọ́n bàjẹ́, ariwo, gbèsè.

Ìwé tó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn náà ni ti ìfiléni-lọ́wọ́, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń fa afurasí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ tó bá mú ènìyàn kọ wákàtí tó mú un, ibi tó ti mú un, ohun tó bá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ẹni méjì tó rí i. Kí ó wo ara afurasí, kó kọ ọgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò lójú ibẹ̀. Kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìkọ́kọ́ mú un lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá tó gbà á á kọ orúkọ, nọ́ńbà àti wákàtí tirẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan á dúró lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, èkejì á tẹ̀lé afurasí. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ìṣọ́ náà ni kó máa yẹ ìwé yìí wò lóṣooṣù, kó sì pe ẹbí afurasí kọ̀ọ̀kan láti béèrè bó ṣe délé. Bí ọgbẹ́ kan bá wà lára rẹ̀ ní àgọ́ tí kò sí nínú ìwé, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí orúkọ wọn wà ní wákàtí yẹn ló máa kọ́kọ́ dáhùn.